Àǹtí Báńkì Ń Se Ọṣẹ, Kò sì Tà Á

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó ń gbowó oṣù, tó ń wọ súùtì jáde láràárọ̀, kí ló kàn án kan ọṣẹ síse? Ẹ má sì sọ fún mi pé bóyá owó oṣù ni kò tó o. Bó bá jẹ́ pé ó ń tà á ni, ta ni yóò bá a wí? Èkó la wà. Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì sí mi ń ta omi tútù, ó ń ta káàdì fóònù, ó ń ránṣọ, ó tún ń gba àjọ. Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í sì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àní ọmọkùnrin kékeré tó wà ní yàrá ẹ̀yìn yẹn ń fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pawó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ gùn ún yí ilé ká, yóò kọ́kọ́ sanwó. Ṣùgbọ́n Àǹtí Báńkì ń se ọṣẹ, kò tà á, ó sì ní òun ò ní tà á láéláé. Ó ní òun fi ń gbafẹ́ ni.

Gbafẹ́! Pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà!

Èmi kì í ṣe olófòófó o, ẹ bi gbogbo ará ilé wa léèrè. Fèrèsé yàrá mi ló kọjú sí ibi ìdáná, mi ò sì lè torí ìyẹn máa di ojú mi rìn nínú yàrá tí mo ń sanwó rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Èyí tí mi ò rí, Ìyá Ìbejì ló sọ ọ́ fún mi.

Òórùn àdín ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, wọ́n ti mú iná lọ, gbogbo wa wà níta tí à ń gba atẹ́gùn. Àfi bí òórùn àdín ṣe gba gbogbo àgbàlá kan. Ẹ̀yin náà mọ àdín, kì í yọ́ wọlé. Tó bá dé, gbogbo àdúgbò ló dé sí. Ìyá Ìbejì dìde, ó fún ìró rẹ̀ so. Ó ní ta ló ń yọ́ àdín lóru nínú ilé tí àwọn ọmọlúàbí ń gbé? Ó ní ẹni tó bá ń fòru yọ́ àdín, iṣẹ́ Èṣù ló fẹ́ ṣe. Bàbá Tíṣà jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, Èṣù tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, àdín gan-an ni èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, epo pupa ni yóò gbé lọ bá a." Ìyá Ìbejì ní òun ò bá wọn dá sí ìyẹn, òun ò fẹ́ mọ ohun tí Èṣù ń jẹ àti èyí tí kì í jẹ, ọmọ Ọlọ́run lòun.

Èmi tètè wọlé lọ sídìí fèrèsé mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, Àǹtí Báńkì ni mo rí lójú sítófù, ó wọ ìbọ̀wọ́ róbà dé ìgúnpá, ó kó awò gàgàrà bo ojú, ó fi ìborùn dí imú. Mo rò pé ó fẹ́ lọ jalè ni. Ó gbé síkéèlì kékeré kan kalẹ̀, ó ń wọn epo, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń wọn ọ́n, ó ń kọ ọ́. Mo ní, "Àǹtí Báńkì, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ó ní, "Ọṣẹ ni, Ìyá Kẹ́mi." Mo ní, "Èló lo máa tà á?" Ó rẹ́rìn-ín. Kò dá mi lóhùn.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Háà! Ẹ wá wo ẹnu nínú ilé wa. Wọ́n ní ọṣẹ náà ló ṣiṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní àwúre ni. Ẹ sì mọ bí ti àwúre ṣe máa ń rí: wọn yóò gún ewé àti egbò mọ́ ọṣẹ dúdú, wọn yóò kó o sínú igbá, kànìnkànìn tuntun ni wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ ní ìdájí, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àǹtí Báńkì kò ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀. Orin ló ń kọ nílé ìwẹ̀ láràárọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dáa, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ro ìyẹn? Àwọn tí òórùn àdín ń dà láàmú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́. Ìyá Ìbejì ọmọ Ọlọ́run, ojú mi báyìí ló ṣe jáde ní yàrá Àǹtí Báńkì, ó fi ìborùn bo ọṣẹ méjì sábẹ́ abíyá. Mo kí i. Ó ní òun yọjú wo bóyá òjò fẹ́ rọ̀ ni. Òjò wo, nínú ọyẹ́?

Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú ni pé wọ́n ń pariwo ọṣẹ síse bí ẹni pé ẹnì kan ò se ọṣẹ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá tó bí ìyá mi, ní abúlé kòkó kan lọ́nà Òǹdó, kò fi owó ra ọṣẹ ìwẹ̀ rí títí ó fi kú. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán, tí àwọn ọkùnrin ru hóró rẹ̀ lọ, èèpo tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú oko ni ìyá àgbà ń lọ kó. Kò sẹ́ni tó ń bá a du ú. Yóò sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ́ ganrínganrín. Yóò kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mọ́ ọn, yóò kó ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀ mọ́ ọn, yóò wá dáná sun gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe kó ṣáà ti jó o. Ó gbọ́dọ̀ jó di eérú kúnnákúnná. Èyí tí èédú bá ṣì wà nínú rẹ̀, yóò ní ká dá a padà síná, yóò sì bú ẹni tó kó o kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìkòkò. Ìkòkò méjì ni, ọ̀kan wà lórí ìkejì, tòkè lu nídìí. Ìyá àgbà yóò fi koríko gbígbẹ tẹ́ ojú ihò náà, yóò da eérú lé e, yóò wá máa bomi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi náà yóò máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, tó, tó, tó, ilẹ̀ lè mọ́ bá a kó ṣì máa kán. Pípọ́n ni omi eérú yẹn máa ń pọ́n. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́ yín, ìyá àgbà yóò sì gbá yín lọ́wọ́, torí ó ń bó èèyàn lára. Òun ni yóò gbé kaná, tí yóò sè títí yóò fi fà, kó tó da àdín sí i. Bí àdín kò bá sí, a ó lo epo pupa, ṣùgbọ́n àdín ló fẹ́ràn nítorí ọṣẹ rẹ̀ ń hó dáadáa. Orógùn wá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa rò ó, ẹ máa rò ó. Ọwọ́ mi ò gbàgbé. Ẹ̀fín yóò bo ojú yín, epo yóò ta sí yín lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà jókòó sórí àpótí tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, tó kàn ń ju ojú sí ìkòkò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ki, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sókè, yóò ní ó ti dé. Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀. Kò wọn nǹkan kan, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọṣẹ rẹ̀ kì í dú tán, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú, rírọ̀ sì ni. Ṣe lẹ ó fọwọ́ bù ú nínú igbá.

Mo sọ gbogbo èyí fún Àǹtí Báńkì, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó bi mí? Ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, èló wá ni màmá àgbà ń tà á?" Mo ní kò tà á, ilé la ti ń lò ó, ó sì ń fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun fi wẹ ọmọ. Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn yàtọ̀. Abúlé nìyẹn. Kò sówó ilé lábúlé.

Bàbá Tíṣà ló wá bá wa dá sí i. Sáyẹ́ǹsì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, bẹ́ ẹ bá sì ti ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ gbé ìjókòó. Ó ní ohun tó wà nínú omi eérú ìyá àgbà mi ni pọ̀tásíọ̀mù, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ rẹ̀ fi ń rọ̀. Èyí tó wà nínú kọ́sítíìkì sódà ni sódíọ̀mù, òun ló ń mú ọṣẹ le tí a fi lè fọ̀bẹ gé e. Ó ní ìdí tí omi eérú fi ń yọ̀ lọ́wọ́ ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá ara wa di ọṣẹ. Mo wo ọwọ́ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ro ọṣẹ yẹn, èmi gan-an ń di ọṣẹ, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi!

Bàbá Tíṣà ò tíì dákẹ́ o. Ó ní Faransé kan wà tó ń jẹ́ Michel Eugène Chevreul, òun ló tú ọ̀rá wò fínnífínní, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1823. Ó fi hàn pé bí kọ́sítíìkì bá pàdé ọ̀rá, ọ̀rá yóò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: apá kan yóò di ọṣẹ, apá kan yóò di gílísárìnì, èyí tó ń jẹ́ kí ara dán. Wọ́n bí Chevreul ní 1786, ó kú ní 1889. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mo bi Bàbá Tíṣà bóyá ọṣẹ tó ń ṣe ló fi ń wẹ̀ tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀.

Ìgbà tó wá kan ọ̀rọ̀ Lever tó ń se ọṣẹ tà ni mo fara balẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 1807 ni Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn èèyàn wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Liverpool yíjú sí epo wa. Wọ́n ń fi se ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n ń fi pa ẹ̀rọ wọn. William Lever, ọmọ aláte oúnjẹ ni ní ìlú Bolton. Gígé ọṣẹ ńlá sí wẹ́wẹ́ àti fífi bébà wé e wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ṣe lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Gígé ọṣẹ o! Ní 1884, òun àti James àbúrò rẹ̀ gbé ọṣẹ Sunlight jáde. Ní 1888, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odindi ìlú kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó fi orúkọ ọṣẹ sọ ìlú náà, Port Sunlight. Àdín wà lára ohun tí wọ́n ń fi se ọṣẹ yẹn. Èkùrọ́ tí àwọn ìyá wa ń fi òkúta pa lẹ́yìnkùlé ló ń wọ ọkọ̀ òkun lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 1923, wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbí ní Èkó, kí wọ́n lè máa se ọṣẹ fún wa lójú ara wa. Ọmọ tó ń gé ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kú sórí oyè Lọ́ọ̀dù.

Mo yíjú sí Àǹtí Báńkì. Mo ní, "Ṣó o gbọ́? Ẹni tó tà á ló di Lọ́ọ̀dù." Ó ń fi aṣọ nu síkéèlì rẹ̀, kò wò mí.

Kì í tiẹ̀ ṣe òyìnbó nìkan. Àwa fúnra wa ti fi ọṣẹ dúdú ṣòwò kọjá òkun. Láyé àwọn Àgùdà tó ń ti Bàhíà ní Brazil padà wá sí Èkó, tí wọ́n ń kọ́ ilé aláràbarà sí ìhà Pópó Àgùdà, ọkọ̀ tó bá ń padà sí Bàhíà yóò di obì lọ, yóò di aṣọ wa lọ, yóò di ọṣẹ dúdú lọ. Ọṣẹ etíkun, sabão da costa, ni àwọn ará Bàhíà ń pè é, àwọn olórìṣà ibẹ̀ sì ń fi wẹ̀ títí di òní. Èèyàn ń ti Brazil wá ọṣẹ wa, Àǹtí Báńkì ń fi tirẹ̀ pín fún ará ilé! Ó bí mi nínú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, mo ti wò ó tó. Òjòta ló ti ń ra kọ́sítíìkì, lọ́jà àwọn oníkẹ́míkà. Epo pupa gíráàmù 600, àdín 400, ìyẹn kílò kan. Epo kọ̀ọ̀kan ló ní iye kọ́sítíìkì tirẹ̀. Kílò epo pupa kan ń fẹ́ gíráàmù bí 141. Kílò àdín kan ń fẹ́ 176. Bó bá jẹ́ òrí, 128 péré ni. Ẹni tó bá wọn ọ́n bákan náà fún gbogbo wọn, àwọ̀ ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Àǹtí Báńkì ṣírò tirẹ̀, ó já sí 155, ó wá yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, ó ku 147. Mo ní kí ló dé tó fi yọ ọ́, ṣé ó fẹ́ fi ṣe ààwẹ̀ ni? Ó ní kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, kó má gbẹ èèyàn lára. Báńkì ò ní jẹ́ kí ẹ yọ kọ́bọ̀ kan láìsọ ìdí, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀ nílé.

Omi gíráàmù 330 ló ń wọn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì róbà, níta gbangba, torí èéfín rẹ̀ ń gún ni nímú. Inú omi la ń da kọ́sítíìkì sí o. A kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí, àfi ẹni tó bá fẹ́ kó ta sí òun lójú. Bẹ́ ẹ bá ti dà á sínú omi báyìí, omi náà yóò gbóná fúnra rẹ̀, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sún ìjókòó mi sẹ́yìn. Yóò dúró kó tutù di lọ́wọ́ọ́wọ́, yóò dà á sínú epo, yóò wá ki bléńdà ọlọ́wọ́ bọ̀ ọ́. Bí iná ò bá sí, orógùn ni, kí ọwọ́ sì gbà á. Tó bá ti ki bí ògì tí à ń fún ọmọ mu, tí èyí tí a bá sẹ́ lé e lójú kò rì, ó ti tó nìyẹn. Ó ní àpótí pákó kan tí káfíńtà kàn fún un, ó ti tẹ́ bébà sí i. Yóò dà á síbẹ̀, yóò fi táwẹ̀lì wé e, yóò lọ sùn.

Ọjọ́ kejì ló ń gé e. Ẹ ò rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gé ọṣẹ. Kì í pe ẹnikẹ́ni. Yóò fọ̀bẹ sí i, yóò gbé ẹyọ kan sókè, yóò máa yí i, yóò máa wò ó, yóò gbé e súnmọ́ imú. Epo pupa máa ń jẹ́ kí ó pọ́n bí kò bá fi nǹkan mìíràn sí i. Òmíràn, á fi osùn sí i. Òmíràn, á se ewé koóko ọba, omi rẹ̀ ni yóò fi pò ó. Yóò tò wọ́n sórí pẹpẹ, yóò ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí omi ara rẹ̀ lè fà, kó le. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́sítíìkì ti tán nínú rẹ̀, ahọ́n ló fi ń tọ́ ọ wò. Obìnrin tó kàwé, tó ń wọ bàtà gogoro, ó ń fahọ́n kan ọṣẹ! Bó bá ta á láhọ́n, kò tíì tó. Eku ilé wa ò ní irú sùúrù yẹn. Ó ti jẹ etí méjì nínú èyí tó wà lẹ́bàá ògiri.

Ẹ ti gbọ́ ti ìkòkò? Ẹ ò tíì gbọ́ ti ìkòkò!

Ọmọ àbúrò bàbá Àǹtí Báńkì kan wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ju ọgbọ́n lọ. Àǹtí lọ ra nǹkan. Ọmọ ní kí òun ti bá a po kọ́sítíìkì sílẹ̀ kó tó dé. Kò rí bọ́kẹ́ẹ̀tì róbà, ó wo ibi ìdáná, ó rí ìkòkò funfun kan tó mọ́ tónítóní. Ìkòkò alumíníọ̀mù, ìkòkò Ìyá Ìbejì, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà tó bí ìbejì. Ọmọ bomi sí i, ó da kọ́sítíìkì sí i. Kíá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaa, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ó ń rú fóò, ó di dúdú, ìkòkò ń gbóná. Ọmọ figbe ta. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ mọ ibi tí fèrèsé mi wà. Bàbá Tíṣà sáré dé, ó ní ká sún sẹ́yìn kíákíá, pé ṣe ni kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù, afẹ́fẹ́ háídrójìn ló ń jáde yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi gbé iná súnmọ́ ọn, yóò gbiná. Ìyá Ìbejì ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò rí eré! Bàbá Tíṣà tó ń fọ̀pá rìn, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu géètì.

Kò sí ẹni tó fara pa, a dúpẹ́. Omi díẹ̀ ta sí ọmọ náà lọ́wọ́, Bàbá Tíṣà ti ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní kí omi máa ṣàn lé e, kó má gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ìkòkò! Ìdí rẹ̀ ti di jákujàku. Ìyá Ìbejì jókòó sílẹ̀, ó ń ké bí ìkòkò náà ṣe dé ilé, ó ké orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ké orúkọ ìbejì méjèèjì. Ìpàdé ilé la fi parí rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù jókòó sáàárín bí adájọ́, wọ́n gbé òkú ìkòkò síwájú rẹ̀. Àǹtí Báńkì kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Ìbejì, ó ra ìkòkò sítíìlì tuntun fún un, èyí tó tóbi tó sì wúwo ju ti àná lọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ìbejì ti ń fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ síbi ìdáná ní gbogbo Sátidé tí Àǹtí bá ń se ọṣẹ, pàápàá èyí tó ti jò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ka mi láyà nìyí. Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Ó rí ọṣẹ. Ó ní kí Àǹtí Báńkì bá òun se ọ̀ọ́dúnrún, wọn yóò fi orúkọ ìyàwó àti ọkọ sára bébà rẹ̀, òun ni wọn yóò pín fún àwọn tó bá wá síbi àríyá. Ó ní òun yóò san owó, òun yóò sì tún yọ oṣù méjì kúrò nínú owó ilé. Lánlọ́ọ̀dù ló sọ bẹ́ẹ̀! Ọkùnrin tó ń ka gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀! Mo wà ní fèrèsé, mo ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí Àǹtí pé kó gbà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní ìyàwó yóò gba ogún ẹyọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọwọ́ òun, ṣùgbọ́n òun ò ní lè ṣe ti títà.

Nígbà tí Lánlọ́ọ̀dù lọ, mo já wọlé tọ̀ ọ́. Mo ní ṣé orí rẹ pé? Ó fà mí jókòó. Ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ń ka owó olówó. Ẹni yìí ń bú mi, ọ̀gá ń bi mí léèrè, àròpọ̀ gbọ́dọ̀ pé kí n tó wálé. Bí mo bá ta ọṣẹ yìí pẹ́nrẹ́n, ẹnì kan yóò ní òun fẹ́ ẹ lọ́la, ẹlòmíràn yóò ní ti òun kò hó. Báńkì kejì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ní ohun kan tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, èmi nìkan ló bàjẹ́ fún." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí dáadáa. Kò kàn san owó ilé ni.

Mo wá lọ ronú. Ẹyọ ọṣẹ méjì méjì ló ń fún mi nígbàkúùgbà tí tuntun bá ti gbẹ. Èèyàn mélòó ni èmi, tí mo fẹ́ wẹ gbogbo ọṣẹ yẹn? Mo to mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí tíì lórí tábìlì tí mo ń pàtẹ ọjà sí níta. Ìyá tó ń dirun lódìkejì títì mú ọ̀kan, ó padà wá mú mẹ́ta tó kù, ó ní ó ń hó, kì í sì í gbẹ òun lára. Mo ní láti òkè òkun ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé Bàhíà kì í ṣe òkè òkun ni? Ó ti wá ní òun ń fẹ́ mẹ́wàá, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í.

Ìdí tí ẹ fi ń rí mi nídìí síkéèlì ní Sátidé nìyẹn. Mo ti sọ fún Àǹtí Báńkì pé kílò kan ti kéré jù, ká máa ṣe é ní kílò mẹ́ta, pé irú afẹ́ báyìí dáa fún ara. Ó dì mọ́ mi. Ó ní inú òun dùn pé ọ̀rọ̀ náà ti ń yé mi wàyí. Ó yé mi. Ó yé mi yékéyéké.

Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ọkọ̀ tó já a sílẹ̀ níta nìyẹn. Àǹtí Báńkì, káàbọ̀ o! Mo ti bá ọ ra àdín, odindi gálọ́ọ̀nù!